Ọwọ́ Tí A Kò Kà

Iná náà kọ̀, kò yí padà.

"Ẹ tún un ṣe," Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúndùn wí. "Gbogbo yín lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ tẹ àtẹ́lẹwọ́ yín mọ́ irin dáadáa, kí ẹ má sì gbé e kúrò títí n ó fi ní ó tó."

Àwọn ọ̀dọ́ tó yí tábìlì iyanrìn ká tún na ọwọ́ wọn. Irin pẹlẹbẹ dúdú kan wà níwájú àga kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ni wọ́n tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́. Iyanrìn irin tó wà láàárín tábìlì gbọ̀n díẹ̀, bí awọ màlúù tí eṣinṣin bà lé, ó sì dákẹ́. Àwòṣe ilé ìkàwé tí wọ́n ti ń fọwọ́ mọ láti oṣù méje dúró gbọn-in lórí rẹ̀. Òrùlé rẹ̀ rí bí ọkọ̀ ojú omi tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Yàrá kan wà níbẹ̀ tí ìyá ọlọ́mọ lè tẹ́ ọmọ sí kí ó tó jókòó kàwé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan sì wà fún àwọn tí kò mọ̀wé kà ṣùgbọ́n tí wọ́n fẹ́ kí a kà á sí wọn létí. Àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn ni wọ́n bá ọkọ̀ ìwé lọ káàkiri àwọn abúlé etí omi, tí wọ́n ń bi àwọn ènìyàn léèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́.

Iná kékeré tó wà ní igun tábìlì yẹ kó di àwọ̀ ewé. Àwọ̀ ìyeyè ló ṣì wà.

"Bóyá ebi ló ń pa á," Bọ́sìpò wí. "Àǹtí Ìbídùn, ẹ bu gàrí fún un."

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Bọ́sìpò, òun ló dàgbà jù láàárín wọn, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Ìbídùn kò rẹ́rìn-ín. Òun ni olùtọ́jú tábìlì. Ó wọ ìbọ̀wọ́ aṣọ funfun, nítorí ẹni tó bá ti kọjá ọdún méjìdínlógún kò gbọdọ̀ jẹ́ kí iyanrìn mọ ọwọ́ òun. Ó mọ ìdí tí iná náà kò fi yí padà. Ó ti mọ̀ ọ́n láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, kò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

"Ẹ ní kí wọ́n nu ọwọ́ wọn!" Ohùn Baálẹ̀ Jókótọlá ló ti ẹ̀yìn okùn wá.

Okùn àgbà ni wọ́n ń pe okùn náà. Wọ́n ta á yí gbọ̀ngàn ká, àgbà kankan kò sì gbọdọ̀ kọjá rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ ọ̀dọ́ bá wà lórí iyanrìn, àfi tí ọ̀dọ́ kan bá gbé e sókè fún un. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn òbí jókòó sí lórí bẹ́ǹṣì, tí wọ́n ń na ọrùn.

"Baálẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yìn okùn kì í fọhùn," Bọ́sìpò dáhùn. "Àgbà ló kọ́ ìlú tó rì."

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé bàbá rẹ kò sí lára àwọn tó kọ́ ọ ni?"

"Ó wà níbẹ̀, sà. Ìdí nìyẹn tí a kò fi jẹ́ kó kọ́ ilé ìgbẹ́ wa pàápàá."

Ẹ̀rín sọ lẹ́yìn okùn. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín jù níbẹ̀ ni bàbá Bọ́sìpò fúnra rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúndùn kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Aláyẹ̀wò ni, láti olú-ìlú agbègbè tó wà lókè gbígbẹ, òǹtẹ̀ rẹ̀ sì wà nínú àpò awọ tó fi kọ́ ọrùn. Ó wo ojú fèrèsé. Kùrukùru ọyẹ́ ti bo omi, ọ̀pá ọkọ̀ rẹ̀ nìkan ló yọ níbẹ̀.

"Wákàtí kan ló kù kí omi tó fà," ó wí. "Bí òǹtẹ̀ kò bá balẹ̀ lónìí, àwọn pákó àti páànù tó wà nínú ọkọ̀ ẹrù yẹn, pẹ̀lú ogójì àpótí ìwé, Ìdí-Oparun ni wọ́n ń lọ. Wọ́n ti parí tiwọn níbẹ̀. Òfin Àtẹ́lẹwọ́ kò lẹ́nu méjì: tí gbogbo ọwọ́ tó wà nínú ìwé orúkọ kò bá pé lórí iyanrìn, a kì í kọ́lé. Mélòó ni yín gan-an?"

Àwọn ọ̀dọ́ wo ara wọn lójú.

"Mo ní, mélòó ni yín?"

Bọ́sìpò pàápàá wo ilẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúndùn mí kanlẹ̀, ó na ìka, ó bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún. "Ení, èjì, ẹ̀ta..."

Ariwo ta lẹ́yìn okùn. Obìnrin kan fi ìborùn bo ojú ara rẹ̀. Òmíràn dìde, ó ń ké pé, "Ó ń kà wọ́n! Ẹ gbà mí o, ó ń kà wọ́n!"

"A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ!" Baálẹ̀ fi ọ̀pá gbá ilẹ̀. "Ọ̀gbẹ́ni, ẹ ká ìka yín kò!"

"...ọ̀kànlá, èjìlá. Méjìlá ni wọ́n." Aláyẹ̀wò tẹ̀ síwájú gíláàsì kékeré tó wà lábẹ́ iná, ó fi àtàǹpàkò nu eruku ojú rẹ̀. "Tábìlì ní mẹ́tàlá."

Lábẹ́ pákó ilẹ̀, omi ń lu òpó.

Èbúté Òkè, ìlú wọn, kì í ṣe èbúté tẹ́lẹ̀. Òkè gíga ni, ibi tí àwọn ọdẹ máa ń gùn kí wọ́n tó rí òkun lọ́ọ̀ọ́kán. Ìkún àkọ́kọ́ gbé omi dé ìdí òkè náà, Ìkún kejì gbé e dé ìbàdí rẹ̀. Nígbà tí ìjọba fi tábìlì ránṣẹ́, ìwé ìlànà ní kí a kọ iye ọmọ ìlú sílẹ̀. Kò sí ìyá kan tó jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Omi ti kó ọmọ lọ tó. Ta ni yóò tún ka ìyókù sókè kí ohun tó ń fetí léko lè gbọ́? Baálẹ̀ ló dá ọgbọ́n rẹ̀. Ó ní kí ìyá kọ̀ọ̀kan mú ohun kan wá fún ọmọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ohun tí ọwọ́ ọmọ náà ti jẹ lára.

Ìbídùn fẹ́ràn ọgbọ́n yẹn. Tábìlì lè mọ ọwọ́ láti ara ohun tí ọwọ́ ti lò: ibi tí àtàǹpàkò ti tẹ igi títí ó fi lọ sínú, ibi tí ọ̀pá ti dán, ibi tí kò dán. Wọ́n mú ṣíbí onígi wá, wọ́n mú wàláà wá, ẹnìkan mú ọmọ odó kékeré wá. Ìbídùn kó wọn sínú àwọn àpótí tó ń fà jáde lábẹ́ tábìlì, ìyá kọ̀ọ̀kan sì sọ ọdún tí a bí ọmọ rẹ̀, kí ẹ̀rọ lè ṣírò bí ọwọ́ náà ti dàgbà tó. Ó parí. Ṣùgbọ́n bí àwọn ohun wọ̀nyẹn ti dúró fún ọmọ, kò sẹ́ni tó ka àwọn náà. Ìbídùn kò kà wọ́n. Ọmọ ìlú ni òun náà.

Àṣìṣe kejì, tirẹ̀ nìkan ni. Bí ọmọ kan bá ń ṣàìsàn, tábìlì lè dúró fún un fún ọjọ́ méje. Á méfò ohun tí ọwọ́ ọmọ náà ì bá mọ, á sì gbé iyanrìn sókè bẹ́ẹ̀. Bí ọjọ́ méje bá pé tí ọwọ́ náà kò yọjú, wáyà kan á já, orúkọ á kúrò. Ọ̀sẹ̀ tí tábìlì dé gan-an ni èéyi bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ. Ìbídùn kò fẹ́ kí aláìsàn kankan pàdánù àyè rẹ̀. Ó wọ abẹ́ tábìlì, ó tọ wáyà náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó so ó kí ó má lè já. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní iṣẹ́ yẹn. Wíwò àti títú ni ó fi kọ́ ara rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó ń kọrin nígbà tó jáde. Èéyi lọ. Kò rántí tú wáyà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, bó ti ń nu irin, ó rí i pé èyí tó wà níwájú àga tó kọjú sí fèrèsé tutù, ó sì ní omi lára. Kùrukùru ni, ó sọ fún ara rẹ̀. Irin tí ọwọ́ kì í sinmi lé kì í móoru, omi inú afẹ́fẹ́ á sì dì mọ́ ọn lára. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó tọ́ ọ wò, iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Ó wá fa àpótí tó wà lábẹ́ rẹ̀ jáde. Àjẹ̀ ìtukọ̀ kékeré ló bá níbẹ̀, irú èyí tí bàbá ń gbẹ́ fún ọmọ ọdún mẹ́fà, méje.

"Àyọ̀ká ni," Tèmídire wí.

Ọmọbìnrin ọdún méjìlá ni Tèmídire, kì í sábà sọ̀rọ̀ níbi tábìlì. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ka sí àga tó ṣófo létí fèrèsé, nítorí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí irin.

"Ta ni Àyọ̀ká?" aláyẹ̀wò bèèrè.

"Òun ló ṣe àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé yìí," Bọ́sìpò dáhùn, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ lásán ni. "A rò pé ẹ mọ̀, Àǹtí Ìbídùn. A kì í jókòó síbẹ̀, a máa ń fi àyè sílẹ̀ fún un ni. Tí a bá fi máa dé láàárọ̀, á ti fi ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn kan kún un."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé òun ni?"

"Èmi ni mo mọ̀ ọ́n," Tèmídire wí. "Nígbà tí a wà ní àgọ́, kí omi kejì tó dé, a jọ máa ń fi ẹrẹ̀ kọ́lé. Ọmọńdinrín ló fi máa ń gé àtẹ̀gùn tirẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, báyìí. Ẹ wò ó. Gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ ló tẹ̀ sí apá òsì díẹ̀."

Ìbídùn wò ó. Ìwé ìlànà ní tábìlì a máa yá ìṣe lára àwọn ẹgbẹ́ ọmọ tí kò sí níbẹ̀. Ó ti fi ìyẹn tu ara rẹ̀ nínú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. "Ìwọ náà kì í gé e bẹ́ẹ̀, Tèmídire?"

"Èmi kì í ṣe àtẹ̀gùn, Àǹtí. Ẹ̀rù omi ń bà mí."

Àtẹ̀gùn náà bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ilé ìkàwé, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò tó jìn nínú iyanrìn. Okùn búlúù kan fi ibi tí omi ń dé lásìkò òjò hàn. Òmíràn fi ibi tó ń fà dé nígbà ẹ̀rùn hàn. Ohun tó dára ni. Ọkọ̀ ìwé lè sún mọ́ ẹsẹ̀ èyíkéyìí tí omi bá dé lọ́jọ́ náà, kò sì sẹ́ni tí yóò tún ru àpótí ìwé gun àkàsọ̀ tó ń yọ̀. Àpótí mẹ́rin ló bọ́ sómi lọ́dún tó kọjá. Ìbídùn, tó ti ń wa ọkọ̀ ìwé láti ọdún mẹ́fà, kò ronú kan irú ohun bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn náà kò dúró níbi okùn kejì. Ó kọjá rẹ̀, ó ń lọ sísàlẹ̀, sí ibi tí omi kì í gbẹ.

Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúndùn fa Ìbídùn sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Kí ló wà nínú àpótí ọmọ yẹn?"

"Àjẹ̀ kan, sà."

"Ẹ fà á yọ. Ìṣẹ́jú kan ni. Iye á di méjìlá, n ó lu òǹtẹ̀, n ó máa lọ."

"Gbogbo ohun tí ọwọ́ náà nìkan mọ ni yóò wó."

"Ìyẹn àtẹ̀gùn?" Ó wo kòtò náà, ó sì yára gbé ojú kúrò. "Kó wó. Èyí tó lọ sísàlẹ̀ pátápátá yẹn, ta ló ń gbé ibẹ̀ tí ẹ fẹ́ yá níwèé?"

"Òfin ńkọ́, sà? Kí ni òfin wí?"

"Òfin ní kí ẹni tó mú ohun náà wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ níwájú iyanrìn pé ẹni tó ni ín kò sí mọ́. Ṣé ẹ fẹ́ kí n wá ìyá kan rí kí n ní kó sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ìlú? Àánú ni mo ń ṣe yín."

Kò pọn dandan kí ó wá ìyá náà kiri. Ìyá Alágbọ̀n ni, ó wà ní ìkángun bẹ́ǹṣì, níbi tó sún mọ́ fèrèsé jù. Láti oṣù méje ló ti ń wá jókòó síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sán, tí ó ń hun agbọ̀n, tí kì í wo ọwọ́ ara rẹ̀. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ ló fẹ́ràn. Kò sí ẹni tó ń pè é ní Ìyá Àyọ̀ká mọ́. Omi kejì gbé ọmọ náà lọ lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, a kò sì rí òkú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò tíì sọ lẹ́ẹ̀kan pé ó kú. Ẹni tó bá béèrè, ohun tó máa ń sọ ni pé, "Kò tíì dé."

Ìbídùn kúnlẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó di ìmú àpótí náà mú. Bó bá fà á, ìyá náà yóò jókòó síbẹ̀, yóò sì rí iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ tó ń wó, láìsí ẹni tó sọ ohunkóhun fún un. Bí kò bá fà á, ilé ìkàwé ti lọ. Àwọn ọmọ abúlé tí wọ́n ń dúró de ọkọ̀ ìwé nínú òjò yóò máa dúró nínú òjò. Bọ́sìpò yóò pé ọdún méjìdínlógún láìtíì ní ibì kan tó fọwọ́ mọ. Láàárín ẹsẹ̀ tábìlì, ó rí ọwọ́ Ìyá Alágbọ̀n. Kò hun agbọ̀n mọ́.

Ó fi ìmú náà sílẹ̀, ó dìde.

"Ìbídùn," obìnrin náà pè é láti ẹ̀yìn okùn, "kí lo ń wá lábẹ́ ibẹ̀?"

"Ẹ dárí jì mí, mà. Èmi ni mo fa gbogbo rẹ̀." Ó sọ ọ́ sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́. Ó sọ nípa èéyi, ó sọ nípa wáyà tó so, ó sọ nípa ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi dákẹ́. Aláyẹ̀wò mi orí, ó wo fèrèsé. "Ẹ̀rọ ló ń méfò, mà. Ó ń wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti jẹ igi àjẹ̀, ó ń fi ọdún tí ẹ dá fún un kún un. Kì í ṣe..."

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe òun. N kò ya wèrè." Ìyá Alágbọ̀n gbé agbọ̀n sílẹ̀. "Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ni. Ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́. Ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, mo sì ń wò ó."

"Kí ló dé tí ẹ fi mú àjẹ̀ rẹ̀ wá?" Baálẹ̀ bèèrè jẹ́jẹ́.

"Ẹ ní kí á mú ohun kan wá fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, Baálẹ̀. Ẹ kò ní ó di dandan kó jẹ́ ọmọ tó wà láàyè."

Baálẹ̀ gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀. Ó jókòó.

"Tí mo bá sọ ohun tí òfin ní kí n sọ," obìnrin náà bèèrè, "ṣé ohun tó ṣe á wó?"

"Á wó, mà," Ìbídùn wí.

"Kò ní wó," Bọ́sìpò wí. Gbogbo ojú yí sí i. "Ṣebí ohun tí ọwọ́ méjì bá tẹ̀ kì í wó tí ọ̀kan bá lọ? Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi pé ọdún méjìdínlógún tí wọ́n yọ ọ́, ògiri rẹ̀ kò wó, torí mo ti bá a tẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ ká bá Àyọ̀ká tẹ àtẹ̀gùn rẹ̀."

Ìbídùn wò ó. Ó jẹ́ òótọ́, òun tó sì mọ tábìlì náà dé egungun kò rò ó. "Ẹ tẹ̀ ẹ́," ó wí. "Kíákíá. Láti òkè wá sísàlẹ̀."

Wọ́n gbé ọwọ́ kúrò lórí irin, wọ́n kóra jọ sí etí kòtò. Ẹsẹ̀ méjìlélógún ni àtẹ̀gùn náà. Wọ́n ń fi ìka tẹ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹnìkan tẹ̀lé ẹnìkan, wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n ń pariwo pé, "Mo ti tẹ ìyẹn!" "Irọ́, èmi ni!" Nígbà tí wọ́n dé ibi okùn búlúù kejì, ariwo náà lọ sílẹ̀. Bọ́sìpò na apá sísàlẹ̀, ó sì yára fà á padà.

"Ó tutù," ó wí.

"Akọni ọkùnrin," ẹnìkan fi í ṣẹ̀sín, "ìwọ tó ní o máa lúwẹ̀ẹ́ dé ìlú tó rì." Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò na ọwọ́ tirẹ̀.

Tèmídire dojú bolẹ̀ lórí etí tábìlì. Bọ́sìpò di ìbàdí rẹ̀ mú kó má baà ṣubú sínú iṣẹ́ náà. Ó tẹ ẹsẹ̀ kẹtàdínlógún. Ó tẹ ìkejìdínlógún. Ojú rẹ̀ ti funfun bí ẹni tí ọyẹ́ mú. Nígbà tó tẹ ìkọkàndínlógún, ó dúró, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

"Àǹtí," ó wí, "nǹkan kan ń ti ìka mi padà láti ìsàlẹ̀."

"Òòfà ni," Ìbídùn wí. "Abẹ́ ibẹ̀ ló ti lágbára jù."

"Ó ń tì í díẹ̀díẹ̀. Bí ìgbà tí èèyàn bá ń kí èèyàn."

"Yọ ọwọ́ rẹ, Tèmídire. Ó tó."

Ó yọ ọ́. Ẹsẹ̀ mẹ́ta tó kẹ́yìn, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n.

Ìyá Alágbọ̀n ti dé ìdí okùn. Tèmídire ló lọ gbé e sókè fún un. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó kọjá lábẹ́ rẹ̀, ó rìn lọ bá àga tó ṣófo. Iyanrìn tín-ín-rín máa ń tò sórí irin níwájú àga kọ̀ọ̀kan, á ya àwòrán ọwọ́ ẹni tó ni ibẹ̀. Ó na ọwọ́ tirẹ̀ sókè àwòrán náà, kò fi kàn án.

"Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tèmi," ó wí. "Wo àtàǹpàkò rẹ̀. Ti bàbá rẹ̀ ni."

Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúndùn ti ṣí àpò òǹtẹ̀. Ìbídùn tún kúnlẹ̀, ó di ìmú àpótí mú, ó ń dúró kí obìnrin náà sọ̀rọ̀ tán kí òun tó fà á.

"Èmi Tanímọ́lá ni mo mú àjẹ̀ náà wá," ìyá náà wí. "Ọ̀sán ni omi dé, kì í ṣe òru. Gbogbo èèyàn ló rò pé òru ni. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, omi sì fà á bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ti ń sọ pé kò tíì dé, nítorí ọwọ́ mi ló ti bọ́. Àyọ̀ká ọmọ mi ti kú."

Àwòrán ọwọ́ náà ká ìka rẹ̀ kò lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí ọmọńdinrín dé àtàǹpàkò, iyanrìn sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Nínú kòtò, ẹsẹ̀ mẹ́ta ìsàlẹ̀ wó. Àwọn mọ́kàndínlógún yòókù dúró.

"Ọwọ́ sórí irin!" aláyẹ̀wò ké. "Kíákíá!"

Wọ́n sáré padà sí àyè wọn. Àtẹ́lẹwọ́ balẹ̀. Iná di àwọ̀ ewé, Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúndùn sì lu òǹtẹ̀ mọ́ igun tábìlì tó bẹ́ẹ̀ tí òrùlé ilé ìkàwé fi mì. Ariwo ayọ̀ sọ lẹ́yìn okùn, ẹnìkan ń pe Bọ́sìpò ní ọ̀gá kọ́lékọ́lé.

"Ẹ ṣeun, Àǹtí," aláyẹ̀wò wí bó ti ń di àpò rẹ̀. "Ẹ tètè fà á yọ. Mo rò pé ẹ máa ṣiyèméjì ni."

Ìbídùn ṣì wà lórí eékún, ìka rẹ̀ ṣì wà lórí ìmú àpótí. Kò tíì fà á.

Ìgbà tí gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀ lọ sí èbúté láti já pákó ni ó tó fà á jáde, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé àjẹ̀ náà fún Ìyá Alágbọ̀n. Obìnrin náà gbà á, ó fi ìborùn wé e bí a ti ń wé ọmọ, ó sì bèèrè bóyá wọ́n máa fi irin ìdìmú sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn náà, kí ọmọ kankan má baà yọ̀ níbẹ̀. Ìbídùn ní wọ́n á fi í síbẹ̀. Obìnrin náà dúpẹ́, ó gbé agbọ̀n rẹ̀, ó lọ.

Ìbídùn nìkan ló kù. Ó wo tábìlì náà pẹ́. Ó ti tú u palẹ̀ nígbà mẹ́rin, ó sì ti tò ó padà. Ó mọ òòfà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó mọ wáyà tó ń gbé ìtẹ̀ ọwọ́ lọ, ó mọ èyí tó ń gbé ooru lọ, ó mọ ibi tí bátìrì rẹ̀ ti máa ń mú gbígbóná. Kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀ tó lè gbọ́ ọ̀rọ̀. Wọn kò ṣe etí sí i.

Ó tẹríba súnmọ́ iyanrìn, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnìkan ń bọ̀, ó sì pe orúkọ ara rẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ìbídùn."

Ó dúró. Iyanrìn kò mì. Ó dúró títí ìtùnú fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé bá a, kí ó tó rò ó pé ohun tó ń fetí léko kò ní láti dáhùn.

Láti ọjọ́ náà títí wọ́n fi kan òrùlé ilé ìkàwé, kò tún la ẹnu nítòsí tábìlì mọ́. Ìka ló fi ń tọ́ka, wàláà ló fi ń kọ ìtọ́sọ́nà fún àwọn ọ̀dọ́. Wọ́n rò pé ọ̀fun ló ń dùn ún, àwọn ìyá wọn sì ń fi àgbo ránṣẹ́ sí i. Nígbà tí Bọ́sìpò bi í léèrè ohun tó dé gan-an, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó mú un jáde, ó mú un kọjá èbúté, ó gbé e sínú ọkọ̀ ìwé, ó tu ọkọ̀ náà títí òkè kò fi hàn nínú kùrukùru mọ́, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un.